Gbégi Inú Rọ́bà Pẹ́ńtì

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí bàbá tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi kan ilẹ̀kùn mi. Mo mọ aago náà dájú nítorí pé fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mo ń wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ti dá mi lóhùn lórí àwọn iṣẹ́ tí mo kọ̀wé béèrè. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, Bàbá ju ìdì koríko kan sí iwájú ẹsẹ̀ mi bí ẹni ju ẹrù olè sílẹ̀.

"Ọmọ yunifásítì," ló wí, "wo iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Koríko náà tutù yọ̀yọ̀. Gbégi ni, èyí tí gbogbo wa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, tí èèyàn á fà títí ọwọ́ á fi bó kí gbòǹgbò rẹ̀ tó gbà. Ó ti yọrí, èso orí rẹ̀ sì ti ń gbó. Bàbá ní òun ti fin oògùn apakoríko sí i lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo koríko yòókù ti kú, wọ́n ti gbẹ bí ewé sìgá, àmọ́ ṣe ni gbégi ń dán bí ẹni pé omi òjò ni wọ́n wọ́n sí i.

"Omi ni àǹtí rẹ dì sínú ike fún mi," ló wí. "Omi lásán. Àfi kí ẹ wá bá mi sọ ọ́ fún alága."

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ alága fi wọ̀ ọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ irú ẹni tí Bàbá jẹ́. Gádì ni ní iléeṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó ní kó lọ sinmi. Kò sinmi. Ó gba ilẹ̀ kékeré kan lábẹ́ wáyà iná ńlá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé sí, kò jìnnà sí ilé wa ní ọ̀nà Ailegun ní Èjìgbò. Ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ló ń gbìn síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ilẹ̀ yẹn ni wọ́n sì fi ń jẹun, àwọn méjèèjì. Àwọn tó ń dáko lábẹ́ wáyà ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà ní alága, wọ́n sì ní òfin kan tí wọn kì í fi ṣeré: ẹni tó bá jẹ́ kí koríko gbó lórí ilẹ̀ rẹ̀ títí èso rẹ̀ fi ń ta sí ilẹ̀ ẹlòmíràn, wọ́n á gba ilẹ̀ náà fún ẹlòmíì. Àwọn tó ń dúró de ilẹ̀ kò kéré. Alága ti kìlọ̀ fún Bàbá lẹ́ẹ̀kan. Ìkìlọ̀ kejì kì í sí.

Èmi náà wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Àbúrò ìyá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù oògùn oko àti irúgbìn kan ní Òṣòdì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, òun ni mo ń pè ní Àǹtí. Láti ìgbà tí mo ti sìnrú ìlú tán, òun ni mo ń bá tà. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn ni mo kà. Èmi ni mo sọ fún Bàbá pé kó yéé ra oògùn káàkiri, kó máa rà á lọ́dọ̀ wa.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí lára mi bí mo ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú koríko yẹn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rù bí ẹni pàdé ejò. Ẹ̀rù bí ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ èèyàn láàárín ọ̀pọ̀ èrò, tí kò sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ojú tún ń tì mí. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé mo gba Bàbá gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mi ò kọ́kọ́ rò pé Àǹtí ò lè ṣe irú rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kéègì omi tó máa ń wà ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ní kéègì ńlá ni Àǹtí máa ń ra oògùn, á wá fi àrọ dà á sínú àwọn ike kéékèèké fún àwọn tí agbára wọn ò ká odindi kéègì. Òun nìkan ló ń dà á. Tó bá ti fẹ́ dà á, á ní kí n lọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, pé òórùn oògùn ò dáa fún ọmọ tí kò tíì bímọ. Mo ti máa ń rò pé ìfẹ́ ni. Láti Ọjọ́bọ̀ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá kò fẹ́ kí ojú mi tó o ni. Kí ló ń fi kéègì omi ṣe níbẹ̀? Ó ní òun ń fi fọwọ́ ni. Ọwọ́ mélòó lèèyàn ní tí á fi máa fi kéègì fọ̀ ọ́?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Mo máa ń gbọ́n ike kí n tó tà á, kí n wo bó ṣe ń hó. Mo máa ń gbóòórùn ìdérí. Oníbàárà kan bi mí bóyá mo ń ta lọ́fínńdà ni. Tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, gbogbo ike tó wà lórí pákó á máa kanra wọn, á sì dà bíi pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi lábẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ike kì í sọ̀rọ̀. Bó ṣe rí lára mi ni mo ń sọ.

Níkẹyìn mo mú ìṣó, mo fi fa ilà tín-ín-rín sára kéègì oògùn, ní ibi tí oògùn inú rẹ̀ dé, kí n lè mọ̀ bóyá á tún ga sókè láìsí pé ẹnì kan ra òmíràn. Mo rò pé mo gbọ́n. Àǹtí ò tíì jókòó dáadáa lọ́jọ́ kejì tó fi pè mí.

"Ta ló fi ìṣó kọ ilà sí mi lára kéègì?"

"Kò sí nǹkan, mà."

"Kò-sí-nǹkan ló ń fi ìṣó kọ ilà?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Bàbá, gbégi, omi. Mo ń sọ ọ́, ojú mi ń bẹ nílẹ̀, mo ń retí kó bínú. Kò bínú. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ sórí àga, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ẹ̀wù tó fún lójijì.

"Ṣé iṣẹ́ ọlọ́pàá lo lọ kà nílé ìwé yẹn ni, àbí ohun ọ̀gbìn?"

"Ohun ọ̀gbìn, mà."

"Ó dáa. Tí ẹni tó ka ohun ọ̀gbìn bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi wà nínú oògùn, ṣé ìṣó ló máa lò ni, àbí koríko?"

Ó ní kí n gba ike tí Bàbá rà padà lọ́wọ́ rẹ̀, kí n fin ín sí nǹkan fúnra mi, kí n fojú ara mi wò ó. Mo rò ó pé olè kì í sábà ní kí èèyàn wá wo inú àpò òun. Lẹ́yìn náà mo tún rò ó pé olè tó gbọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọkàn mi ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo àkókò yẹn. Bí mo bá rí ìdí tí mo fi lè sinmi, màá wá ìdí míì tí mi ò fi gbọdọ̀ sinmi.

Nígbà tí mo délé láti gba ike náà, Bàbá ti ní ọ̀rọ̀ tuntun. Ó fi nǹkan hàn mí nínú ọ̀rá dúdú: àgbàdo, kóńgò kan péré. Ọkùnrin kan ló gbé e wá sí abẹ́ wáyà, ó ní irú tí àwọn òyìnbó ń gbìn ni, tí oògùn apakoríko kì í pa. Èèyàn á gbìn ín, á fin oògùn lé gbogbo rẹ̀ lórí, koríko á kú, àgbàdo á dúró. Bàbá ní òun máa gbìn ín kárí ilẹ̀ náà, òun á wá po oògùn kó le gan-an, ìlọ́po mẹ́ta, òun á fin ín títí gbégi á fi jẹ́wọ́.

Mo mọ̀ pé irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ wà láyé. Olùkọ́ wa kan fi odindi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ wa nípa rẹ̀: wọ́n ṣe é nílé ìwádìí kí oògùn kan pàtó má lè pa á. Àmọ́ olùkọ́ wa yẹn náà ló sọ fún wa pé níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín, tí gbogbo wọn gbójú lé oògùn kan ṣoṣo lọ́dọọdún, àwọn koríko kan ti wà níbẹ̀ tí oògùn náà ò rí ṣe mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rá tí Bàbá gbé lọ́wọ́ kò ní àmì, kò ní orúkọ, kò sí ohunkóhun lára rẹ̀ àfi erùpẹ̀.

"Bàbá, ẹni tó ta èyí fún yín, kí ló tún ń tà?"

"Ó ní ìgbànú aago lọ́wọ́," ló wí, "àti oògùn eku. Òpìtàn ni, ó mọ̀rọ̀ sọ."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má tíì gbìn ín. Mo tọrọ ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó bu díẹ̀ fún mi, ó sì fi ìgbẹ́ àgbò díẹ̀ tó fi ń bọ́ ilẹ̀ lé e, pé àgbàdo òyìnbó ò gbọdọ̀ dé ọwọ́ mi kí ebi pa á kú.

Mo wá rọ́bà pẹ́ńtì méjì, mo kó wọn sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi ògiri tó kọjú sí ojú irin. Yanrìn mímọ́ tí mo tọrọ lọ́wọ́ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ni mo dà sínú méjèèjì. Ìgbẹ́ àgbò náà ò tó méjì, nítorí náà mo pò ó mọ́ yanrìn rọ́bà àkọ́kọ́, mo sì fi fátíláísà ṣọ́ọ̀bù sínú èkejì. Mo gbin àgbàdo sí méjèèjì. Mo tún wú gbúre lẹ́bàá ògiri, mo lọ́ ọ sí méjèèjì, kí oògùn lè rí ohun tó dá mi lójú pé ó máa ń pa. Gbégi ni mo fẹ́ lọ gbé wá láti oko Bàbá, àmọ́ kí n tó ráyè lọ, mo rí i pé kò pọn dandan mọ́. Bí àgbàdo ṣe ń yọ ní rọ́bà àkọ́kọ́, gbégi náà ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kàn rò pé oríire ni. Mi ò bi ara mi léèrè ibi tó ti wá. Ẹni tó ń fura sí ohun gbogbo lè gbàgbé láti fura sí ohun tó ṣe é lóore.

Nígbà tí gbogbo wọn ti dúró dáadáa, mo po oògùn inú ike Bàbá bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, mo fi ike ìfinmi tí àwọn onídìrí máa ń lò fin ín. Àǹtí dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ń wò mí. Ó jọ pé ẹ̀rù ń ba òun náà díẹ̀, ìyẹn sì tún jẹ́ kí n fura.

Oògùn yẹn kì í yá. Ọ̀sẹ̀ ti yí kí n tó rí ohunkóhun tó dájú. Gbúre ló kọ́kọ́ rọ. Lẹ́yìn náà àgbàdo òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti àárín, ewé rẹ̀ ká, ó sì dọ̀bálẹ̀ nínú rọ́bà méjèèjì. Àgbàdo lásán ni. Ẹni tó tà á fún Bàbá ti lọ pẹ̀lú ìgbànú aago rẹ̀. Gbégi nìkan ló dúró. Imú ewé rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n díẹ̀, ó ṣe bí ẹni fẹ́ ṣubú, ó tún yọ ewé tuntun. Èyí tí wọ́n ní oògùn ò ní pa ti kú. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò ṣèlérí fún ló wà láàyè.

Mo pe Àǹtí. Ó wò ó. Ó ní, "Omi ló pa àgbàdo?"

"Rárá, mà."

"Omi ló pa gbúre?"

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má bínú sí mi. Ó ní òun ò bínú, pé kí n sáà bá òun fọ ilà ìṣó kúrò lára kéègì. Kò ṣeé fọ̀. Ó wà níbẹ̀ dòní.

Ìtura tó bá mi nígbà yẹn pọ̀ débi pé mo fẹ́ sunkún, àmọ́ kò pẹ́. Bí mo ṣe fẹ́ da yanrìn nù ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó ti wà níwájú mi láti ọjọ́ yìí: kò sí gbégi kankan nínú rọ́bà kejì. Ẹyọ kan ò sí. Yanrìn kan náà ni, ògiri kan náà ni, omi kan náà ni mo ń bu sí wọn. Ìgbẹ́ àgbò nìkan ló wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì.

Ní Sátidé, mo tẹ̀ lé Bàbá lọ sábẹ́ wáyà. Mi ò sọ ohun tí mo ń wá. Ìyá kan tó ń gbin ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti Bàbá pààlà, rí mi lókèèrè.

"Ọmọ olómi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ gbé omi wá lónìí? Ẹ̀fọ́ mi ń fẹ́ ká bomi rin òun."

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Bàbá, gbégi yín kí mi láàárọ̀ yìí. Ó ti kọjá ààlà. Mo ní ṣé àlejò ni, ó ní rárá, òun ti kó dé."

Bàbá rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wo ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dòjé gé gbogbo gbégi tó ṣẹ́kù lẹ́yìn oògùn, èyí tó yọrí, èyí tó gbó. Ó gbọn wọ́n jọ, ó dì wọ́n ní ìdì-ìdì. Mo bá a gbé díẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin àgbò tà, ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, la gbé e lọ. Wọ́n da koríko síwájú àwọn àgbò; àwọn yẹn ń jẹ, wọ́n ń tẹ ìyókù mọ́ ìgbẹ́ wọn, èso gbégi ń gbọ̀n sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n wá fi ṣọ́bìrì kó ìgbẹ́ tó ti pò mọ́ koríko sínú àpò fún Bàbá. Kò sẹ́ni tó san nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é látọdún pípẹ́ nìyẹn: ó fún wọn ní koríko, wọ́n fún un ní ìgbẹ́. Kì í ṣe ti ilẹ̀ rẹ̀ nìkan ló sì ń gbé bọ̀. Òun ló ń pín in fún gbogbo ẹgbẹ́, ohun tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún un níbẹ̀ nìyẹn.

Koríko kì í mu oògùn títí kó mọ́ ọn lára, bí àwọn kan ṣe máa ń rò. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbégi, ó lè jẹ́ ẹyọ kan ló ti ara rẹ̀ wá bẹ́ẹ̀, tí oògùn náà ò ràn. Oògùn á pa gbogbo àwọn yòókù, á gba àyè sílẹ̀ fún un, á sì wá so. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, oògùn kan náà. Tí èèyàn bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa èyí tí kì í kú, kó máa kó o jọ, kó sì máa gbìn ín kárí, ọ̀nà tí ó máa gbà kò ní yàtọ̀ sí ti Bàbá. Èyí tí oògùn bá pa, ó fi sílẹ̀. Èyí tí kò pa ló ń gbé lọ, òun ló sì ń gbé bọ̀.

Mo sọ fún un lọ́nà ilé. Mo fara balẹ̀ sọ ọ́, mo fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún un, mo sọ nípa rọ́bà méjèèjì. Ó gbé àpò náà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Kò tíì sẹ́ni, sà."

"Alága ti pe ìpàdé sí Sátidé tó ń bọ̀. Mo ti sọ fún wọn pé oògùn ni ò dáa. Wọ́n gbà. Wọ́n ní tó bá jẹ́ oògùn, kì í ṣe ẹ̀bi mi." Ó nu ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, jẹ́ kó jẹ́ omi."

"Àmọ́ orúkọ Àǹtí ń bàjẹ́, sà."

"Àǹtí rẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi, kí ni mo ní?"

Mo ní kí a kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fa gbégi kó tó yọrí, kí wọ́n máa kó ìgbẹ́ jọ kó gbóná dáadáa títí èso koríko inú rẹ̀ á fi kú, kí wọ́n tó lò ó, kí wọ́n sì yéé fin oògùn kan ṣoṣo. Ó mi orí. Ó ní bí mo bá ti sọ pé kí ìgbẹ́ gbóná, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ yẹn máa béèrè ìdí rẹ̀, kò sì ní sinmi títí á fi dé ìdí rẹ̀. Òótọ́ ni. Mo ti rí ojú ìyá yẹn.

Bí nǹkan ṣe wà nìyí. Àwọn oníbàárà láti abẹ́ wáyà ò yà sí ṣọ́ọ̀bù wa mọ́, ohun tí wọ́n sì ń sọ ti dé etí àwọn míì. Àǹtí ní kí n gbé rọ́bà pẹ́ńtì méjèèjì lọ sí ìpàdé Sátidé, kí gbogbo ayé rí i. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ àgbò fún un. Rọ́bà tó ní gbégi nìkan ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Tí mo bá gbé méjèèjì lọ, ẹnì kan máa béèrè ohun tó mú wọn yàtọ̀. Tí mo bá gbé ọ̀kan, irọ́ ni mo gbé. Tí mi ò bá sì lọ rárá, Bàbá á tún di koríko rẹ̀ lẹ́yìn òjò tó ń bọ̀, gbogbo wọn á tún gbin gbégi, wọ́n á tún po oògùn tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lórí ẹ̀fọ́ tí àwa ará Èjìgbò ń jẹ.

Láti ọjọ́ tí mo ti bá a sọ̀rọ̀, Bàbá ló ń kọ́kọ́ kí mi láàárọ̀, èyí tí kò yẹ kí àgbà máa ṣe fún ọmọdé. Lánàá ó gbé ìdì ẹ̀fọ́ kan sẹ́nu ọ̀nà mi. Mi ò mọ̀ bóyá inúure ni tàbí ẹ̀bẹ̀, tàbí nǹkan míì tí mi ò fẹ́ dárúkọ. Mi ò tíì sè é. Ó wà nínú abọ́ omi, ó ń tutù, mo sì ń wò ó bí mo ṣe wo kéègì Àǹtí nígbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé mo ti ṣìnà nígbà yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi ka èyí dé ìparí, mo bẹ̀ yín, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Sátidé ò jìnnà mọ́. Ṣé ọ̀nà kan wà tí mo lè fi sọ ibi tí gbégi ti ń wá láìjẹ́ pé ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá? Tí kò bá sí, rọ́bà mélòó ni kí n gbé lọ?